Ẹni Tó Kẹ́yìn Ló Ń Ṣí Ìkòkò

Tí ẹ bá bi àwọn ará àsàlátù wa léèrè ìdí tí a kò fi sáré mọ́ ní pápá Peckham Rye ní London, wọn á ní kánsù ni. Kánsù ló ní ká wá gba ìwé àṣẹ, kánsù ló ní ká má dáná, kánsù ló ní ariwo wa ń da àwọn ajá láàmú. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu àgbà, mo sì ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn ọmọ tó jẹ́ pé ẹ̀yìn ìyá wọn ni wọ́n wà nígbà tí a sáré gbẹ̀yìn. Èmi náà á mi orí, màá ní, "Ẹ ò rí kánsù yìí!" Kánsù kò sí níbẹ̀ tó máa dá wa lóhùn, ọrùn rẹ̀ sì nípọn, ó lè ru ẹrù. Ṣùgbọ́n ẹrù mi ni wọ́n dì lé e lórí. Ọjọ́ ti pẹ́ tí mo ti ń wò ó níran, tí mi ò sọ̀rọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ibi tó dùn.

Àsàlátù wa kò pọ̀. Àwọn awakọ̀ bọ́ọ̀sì wà níbẹ̀, àwọn nọ́ọ̀sì tó ń ṣiṣẹ́ lápá Camberwell, àwọn tó ń tajà ní Rye Lane, àti èmi tí mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò nílé ìwé kan lápá New Cross. Torí ìyẹn ni wọ́n ṣe fi mí ṣe akọ̀wé, bí ẹni pé ẹni tó mọ ìṣirò ló mọ ìwé kọ. Gbọ̀ngàn kan tí a yá lẹ́yìn Rye Lane la ti ń ṣe àdúà ní gbogbo àárọ̀ ọjọ́ Àìkú. Ní ọjọ́ kan nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí a bá lè pe ohun tí wọ́n ń fún wa níhìn-ín ní ẹ̀ẹ̀rùn, àwọn ọkùnrin méjì bẹ̀rẹ̀ sí í jiyàn lẹ́yìn àdúà. Ọ̀kan ń wa bọ́ọ̀sì, èkejì ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ilé ìtajà. Ohun tí wọ́n ń jiyàn lé ni pé ta ló yára jù nígbà tí wọ́n wà nílé ìwé, èyí ní Ìjẹ̀bú, tọ̀hún ní Ìwó.

"Ìwọ kẹ̀?" ni ẹ̀ṣọ́ wí. "Ìwọ tó ń jókòó láti àárọ̀ dalẹ́! Ẹsẹ̀ ẹ ti gbàgbé iṣẹ́ ẹ̀."

"Ìwọ tó ń dúró lójú kan bí òpó iná ńkọ́?" ni awakọ̀ dá a lóhùn. "Olè gbé tẹlifíṣọ̀n kọjá níwájú ẹ, o bá a ṣílẹ̀kùn."

Àáfà wa, tí ebi ti ń pa, ní, "Pápá wà níta. Ẹ lọ fi ẹsẹ̀ jiyàn yín."

Bí gbogbo wa ṣe wọ́ lọ sí pápá nìyẹn, tàwa ti ìkòkò ìrẹsì tí Àlùhájà kan láàárín wa ti sè. Sálúbàtà ló wà lẹ́sẹ̀ awakọ̀, bàtà dúdú ibi iṣẹ́ ló wà lẹ́sẹ̀ ẹ̀ṣọ́. Àlùhájà fi ìdérí dé ìkòkò, wọ́n ní kò sẹ́ni tó máa fọwọ́ kàn án títí àwọn méjèèjì á fi yí pápá ká padà. Awakọ̀ dé, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ bí àgbò tó sá lọ́wọ́ alápatà. Ẹ̀ṣọ́ kò dé. A dúró, a dúró. Ó ti pàdé ará ìlú rẹ̀ kan lódì kejì, wọ́n ń sọ̀rọ̀ ilẹ̀ tí ẹnì kan gbà ní Ìwó. Nígbà tó máa yọ, ńṣe ló ń rìn bọ̀ jẹ́jẹ́, ó mú áísìkiríìmù dání.

Inú bí Àlùhájà. Wọ́n ní, "Ó dáa. Ìwọ tó febi pa wá, ìwọ ni wàá ṣí i. Wá fojú ara ẹ rí ohun tí o fi dù wá."

Èébú ni wọ́n fi bú u o. Ọkùnrin náà kò mọ̀ ọ́n sí èébú. Ó ṣí ìkòkò, ó ki ojú bọ inú ooru rẹ̀, ó mú ẹran tó tóbi jù, ó ní, "Bísímílà."

Ọdún kejì ni wàhálà dé, nítorí pé gbogbo èèyàn ló fẹ́ kẹ́yìn. A ta okùn sáàárín igi méjì láti fi ṣe òpin eré, kò sì sẹ́ni tó fẹ́ ré okùn kọjá. Mo rántí àwọn Alájì méjì tí wọ́n dúró níwájú okùn náà bí ẹni tó dé ẹnu ọ̀nà àna.

"Ẹ máa wọlé, Alájì, ẹ̀yin lẹ̀gbọ́n."

"Rárá o. Àlejò ló ń kọ́kọ́ wọlé."

"Mo ti lo ọdún mẹ́sàn-án níbí, sà."

"Àlejò náà ni ẹ́ síbẹ̀."

La bá ṣòfin pé ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá dúró ti jábọ́. Ìyẹn ló wá burú jù, nítorí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í rìn bí agẹmọ: wọ́n á gbé ẹsẹ̀ kan sókè, wọ́n á fi dán afẹ́fẹ́ wò, wọ́n á sì tún gbé e kalẹ̀ síbi tó wà tẹ́lẹ̀. Òyìnbó kan tó ń fa ajá lọ dúró wò wá, ó bi mí bóyá irú àdúà kan nìyẹn. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Àwọn ọmọ tí wọ́n bí síbí ló máa ń sáré ní tòótọ́. Wọ́n á yí pápá ká bí atẹ́gùn, wọ́n á dé, kò ní sẹ́ni tó wò wọ́n. Ọmọbìnrin kan gba ipò kìíní léra léra, ó wá bá mi lọ́jọ́ kan, ó fọwọ́ mú ìbàdí. "Uncle, so kí ni mo wá win báyìí?"

"Ìdúró lo win," ni mo wí. "Jókòó."

Òfin kan tún wà tí a kò kọ sílẹ̀. Àwọn àgbà wa kò jẹ́ kí a ka àwọn tó ń sáré. A kì í ka ọmọ f'ọ́lọ́mọ. Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Nítorí náà, tí a bá fẹ́ mọ̀ bóyá gbogbo èèyàn ti dé, awakọ̀ bọ́ọ̀sì wa, tí ohùn rẹ̀ le jù, á gun orí kúlà omi, á pariwo pé, "Ta ni a kò tíì rí?" Kálukú á wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ọ̀tún àti òsì. Ẹnì kan á ní òun kò rí ìyàwó òun. Òmíràn á ní, "Ọmọ tó máa ń wọ fìlà pupa yẹn ńkọ́?" Ó lè gba àkókò gan-an. Awakọ̀ á tún bèèrè títí a kò fi ní rẹ́ni dárúkọ mọ́. Ìgbà yẹn la tó máa tú okùn.

Àlùhájà tó se ìrẹsì ọjọ́ àkọ́kọ́ yẹn ni ọ̀rọ̀ mi dá lé. Àlùhájà la ti ń pè wọ́n kí wọ́n tó lọ sí Mẹ́kà. Ìgbà tí wọ́n lọ, tí wọ́n bọ̀, a kò rí oyè mìíràn fi kún un. Ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ni wọ́n ti ṣiṣẹ́ títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì. Àjà kẹta ni wọ́n ń gbé ní ẹ̀sítéètì kan lẹ́bàá Queen's Road. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ìdí ìkòkò ni wọ́n máa ń wà tí a bá ń sáré, tí wọ́n á fi ọmọrogùn lé àwọn tó fẹ́ yọ́ ẹran mú sẹ́yìn. Ìgbà tí ọkọ wọn kú ni dókítà ní kí wọ́n máa rìn dáadáa. Wọ́n fa ìkòkò lé ẹlòmíràn lọ́wọ́, wọ́n ra bàtà funfun kan, wọ́n bọ́ sójú ọ̀nà.

Ọjọ́ yẹn ni ọgbọ́n àgbọ́njù àwọn agẹmọ dópin. Kò sẹ́ni tó lè fi ẹ̀tàn kẹ́yìn mọ́, nítorí ti Àlùhájà kì í ṣe ẹ̀tàn. Wọ́n á kí gbogbo ẹni tó wà lórí bẹ́ǹṣì, wọ́n á dúró wo òdòdó, wọ́n á bá ọmọ ọlọ́mọ so okùn bàtà. Tí wọ́n bá yọ níbi kọ́nà tí igi ńlá kan wà, gbogbo wa á dìde. Àwọn ọmọ á sáré lọ pàdé wọn.

"Ẹ máa bọ̀, Mummy! Ìrẹsì ti ń sunkún!"

"Ẹ jẹ́ ó sunkún. Èmi náà sunkún nígbà tí mò ń gé àlùbọ́sà ẹ̀."

Ní ọdún kan, nígbà tí a jọ jókòó sórí koríko lẹ́yìn oúnjẹ, wọ́n sọ̀rọ̀ kan fún mi. Wọ́n ní, "Akọ̀wé, ṣé o mọ ohun tó dùn mọ́ mi nínú eré yín? Kì í ṣe ẹran. Ìbéèrè yẹn ni. Níbi iṣẹ́ wa, mo ti rí arúgbó tó jẹ́ pé ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan ló lò nílẹ̀ ilé ẹ̀ kó tó dọ́dọ̀ wa, kò sẹ́ni tó bèèrè ẹ̀. Ṣùgbọ́n tí awakọ̀ yẹn bá gun orí kúlà, tó bá ní ta ni a kò tíì rí, èmi tí mo wà lódì kejì lọ́hùn-ún, mo mọ̀ pé orúkọ mi ni wọ́n ń dá."

Orúnkún wọn ló kọ́kọ́ kọ̀. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ sí i, a kò sì rí wọn ní pápá fún ọdún méjì. Ọmọ kan ṣoṣo ni wọ́n bí, obìnrin, tó ń gbé nílùú kan létí òkun, ìrìn ọkọ̀ ojú irin bíi wákàtí méjì. Ọmọ dáadáa ni, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn. Ó ní àjà kẹta ti ga jù, ẹ̀rọ tó ń gbéni gòkè ti bàjẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, kí ìyá òun wá máa gbé lọ́dọ̀ òun. Àlùhájà kọ̀.

Ìdí iṣu ni wọ́n ti sọ ọ́ fún mi ní Rye Lane, wọ́n ń fi èékánná ha iṣu oníṣòwò wò, oníṣòwò ń wò wọ́n ṣùn-ùn.

"Mo ti bá ọmọ mi ṣe àdéhùn," ni wọ́n wí. "Mo ní mi ò lọ ibi tí wọn ò ti mọ̀ mí. Mo ní tí n bá ṣubú ní Peckham, àwọn èèyàn mi á bèèrè mi. Ó ní irọ́ ni, pé kálukú ń bá tiẹ̀ kiri. Mo ní kó wá wo eré wa. Òun á wá dúró sídìí okùn. Tí mo bá fẹsẹ̀ ara mi yí pápá ká, tí mo débẹ̀, kò ní dárúkọ ká kó lọ mọ́."

"Tẹ́ ò bá wá yí i ká ńkọ́, Mummy?"

"Fẹnu ẹ sọ ire! Tí mi ò bá yí i ká, ó ti kun yàrá kan dè mí. Búlúù ló kùn ún. Èmi àgbàlagbà, inú búlúù, bí ọmọ jòjòló!"

Wọ́n ń ṣe ìdárayá ẹsẹ̀ láràárọ̀. Àwọn tó ń gbé ẹ̀sítéètì kan náà ní àwọn ń rí wọn tí wọ́n ń sọ̀kalẹ̀ àtẹ̀gùn, tí wọ́n ń gùn ún padà, tí wọ́n sì ń bá orúnkún wọn wí bí ẹni ń bá ọmọ wí. Nítorí náà, ẹ má jẹ́ kí n sọ pé mi ò mọ̀. Mo mọ ohun tí wọ́n ń sáré sí.

Ọdún yẹn gan-an ni mo pinnu pé eré wa gbọ́dọ̀ di eré gidi. Olùkọ́ kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ti wá wò wá ní ọdún tó ṣáájú, ó fi ìwà pẹ̀lẹ́ bi mí léèrè ẹni tó gbégbá orókè. Mi ò mọ̀. Mo wò yíká, kò sẹ́ni tó mọ̀. Ẹ̀rín rẹ̀ kò le, ṣùgbọ́n ó dùn mí. Mo bá ọmọbìnrin tó máa ń gba ipò kìíní yẹn sọ̀rọ̀, tó ti di akẹ́kọ̀ọ́ ní yunifásítì, ó bá mi ṣe fọ́ọ̀mù sórí fóònù. Kálukú á fi orúkọ sílẹ̀, kálukú á gba nọ́ḿbà tí yóò há mọ́ àyà. Ẹni kìíní dé ẹni kẹta á gba mẹ́dàlì. Ìwé orúkọ á wà lọ́wọ́ akọ̀wé, ẹni tí nọ́ḿbà rẹ̀ bá sì wọlé kẹ́yìn ni yóò ṣí ìkòkò. Ṣé ẹ rí i, mi ò pa àṣà rẹ́. Mo kàn fi ìwé tì í lẹ́yìn ni.

Àwọn àgbà kùn. Ọ̀kan bi mí bóyá ẹlẹ́wọ̀n ni wá. Àáfà ní, "Akọ̀wé, a kì í ka ọmọ f'ọ́lọ́mọ."

"Àáfà, kì í ṣe ọmọ ni mò ń kà, eléré ìdárayá ni."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ẹnu mi dùn, gbogbo èèyàn ló mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Lọ́jọ́ eré, oòrùn ràn. Àlùhájà dé pẹ̀lú bàtà funfun wọn àti ọ̀pá, wọ́n sì wọ ìborùn tuntun. Wọ́n wá sídìí tábìlì mi. "Akọ̀wé, fóònù mi kò mọ fọ́ọ̀mù ẹ o. Mi ò ní nọ́ḿbà."

Mo ti há gbogbo nọ́ḿbà mọ́ orúkọ, èyí tó ṣẹ́kù kò sí. Mo lè mú gègé kí n kọ orúkọ wọn sísàlẹ̀ ìwé. Kò ní gbà mí ju ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ lọ. Àwọn tó yí mi ká ń wò mí, wọ́n ń retí àwàdà, èmi náà kì í sì í já wọn kulẹ̀.

"Nọ́ḿbà kẹ̀, Mummy? Ta ni kò mọ̀ yín ní Peckham yìí? Ẹ̀yin fúnra yín ni nọ́ḿbà!"

Gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín. Àwọn náà rẹ́rìn-ín, wọ́n fi ọ̀pá gbá mi lẹ́sẹ̀ díẹ̀, wọ́n lọ.

Eré náà dára. Mo gbọ́dọ̀ sọ ọ́: kò tíì sí èyí tó létò tó o. Mo fun fèrè, àwọn ọ̀dọ́ tú jáde, mo ń wo aago, mo ń fi àmì sí ìwé bí nọ́ḿbà ṣe ń wọlé. A ya fọ́tò àwọn mẹ́ta tó gba mẹ́dàlì. Awakọ̀ bọ́ọ̀sì wa, tí òun náà ti darúgbó, ni nọ́ḿbà rẹ̀ wọlé kẹ́yìn. Mo gbé ọwọ́ rẹ̀ sókè.

"Ẹ̀yin lẹ kẹ́yìn, sà! Gbogbo ẹ̀ ti pé!"

Ó wẹ̀yìn. "Ó ti pé?"

"Ó ti pé. Ìwé rèé."

Ó gba ìwé náà. Ọkùnrin tó ti ń gun orí kúlà láti ọjọ́ pípẹ́ wá, ó wo àwọn àmì tí mo fi sí i, wọ́n tò dáadáa láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó sì dá a padà fún mi. Èwo ni ká tún máa bèèrè ohun tí ìwé ti dáhùn? Ẹnì kankan kò bèèrè. Àwọn tó ní iṣẹ́ ọ̀sán ń wo aago. Ó ṣí ìkòkò, wọ́n pàtẹ́wọ́. Èmi fúnra mi ni mo tú okùn lára igi, tí mo wé e mọ́ apá láti àtẹ́lẹwọ́ dé ìgúnpá, bí wọ́n ṣe ń wé okùn ìsáṣọ.

Ọmọ Àlùhájà pẹ́ dé nítorí ọ̀nà dí. Mi ò tíì rí i rí, ṣùgbọ́n ojú ìyá rẹ̀ ló wà lójú rẹ̀. Ó ń sọ Yorùbá bí ẹni tó ń fi ọmọ ìka ẹsẹ̀ rìn nínú ilé tí ọmọ ti ń sùn.

"Uncle, ẹ jọ̀ọ́, níbo ni okùn wà? Mummy ní kí n dúró níbi okùn."

Ìrẹsì wà lẹ́nu mi. Nínú gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀, ìrẹsì yẹn ni mi ò lè gbàgbé. Mo wo okùn tó wà lápá mi. Mo wo àwọn èèyàn. Ni mo wá mú ìwé, mo bẹ̀rẹ̀ sí í wá orúkọ ìyá rẹ̀ nínú rẹ̀.

Ó rí mi. "Ẹ ń wo ìwé?" ló wí.

Kò dúró. Ó sáré padà sínú mọ́tò rẹ̀, ó gba títì tó yí pápá ká. Àwa náà sáré gba orí koríko, gbogbo wa, àtẹni tó gba mẹ́dàlì àtẹni tó mú abọ́ lọ́wọ́. Òun ló kọ́kọ́ débẹ̀. Àlùhájà ti dé ibi igi ńlá nì. Kọ́nà tó kẹ́yìn ni, ibi tó bá ṣe pé ní àwọn ọdún tó kọjá ni, gbogbo wa á ti dìde. Láti ọ̀nà jíjìn, mo rí i tí ọmọ sọ̀kalẹ̀, tó di ìyá rẹ̀ mú, tó ń sunkún. Mo rí Àlùhájà tí wọ́n gbé ọ̀pá sókè, tí wọ́n nà án síbi tí okùn máa ń wà láti fi òpin eré han ọmọ wọn. Igi méjì lásán ló wà níbẹ̀. Wọ́n wò ó títí. Wọ́n wá rọra sọ ọ̀pá kalẹ̀, wọ́n sì wọ mọ́tò. Kò sẹ́ni tó fipá mú wọn.

Nígbà tí mo dé ẹ̀gbẹ́ mọ́tò, ọmọ náà bá mi sọ̀rọ̀ láti ojú fèrèsé. Kò pariwo. Ó ní, "Mummy sọ fún mi pé ẹ máa bèèrè. Wọ́n ní, 'Wọn á bèèrè mi.' Mo ti fẹ́ gbà wọ́n gbọ́, Uncle."

Àlùhájà fọwọ́ kan apá rẹ̀. "Má bá akọ̀wé jà. Ebi ló ń pa wọ́n."

Mo ní, "Mummy, ó ku díẹ̀. Ó ku díẹ̀ kẹ́ ẹ dé."

Wọ́n wò mí bí ẹni tó ń gbìyànjú láti lóye ohun tí mo sọ. "Dé ibo?" ni wọ́n bi mí.

Kí ààwẹ̀ tó wọlé, wọ́n ti kó lọ. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, mo fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́ sí gbogbo èèyàn, ẹni mẹ́rin péré ló dáhùn. Awakọ̀ ní ẹsẹ̀ ń dun òun. Ẹnì kan bèèrè bóyá kánsù ti fún wa ní ìwé àṣẹ, mo ní wọn kò tíì dáhùn. Òótọ́ ni pé wọn kò dáhùn. Mi ò kọ̀wé sí wọn ni. Bí ọ̀rọ̀ ṣe di ti kánsù nìyẹn.

Mo wọ ọkọ̀ ojú irin lọ wò wọ́n. Ilé náà dára, yàrá náà búlúù lóòótọ́, òkun ń hàn lójú fèrèsé bí aṣọ tí wọ́n sá sí ìta. Mo ti kọ́ ọ̀rọ̀ ẹ̀bẹ̀ mi sórí láti London, ó ní ìbẹ̀rẹ̀, ó ní òpin, olùkọ́ ni mí. Wọn kò fún mi láàyè. Wọ́n ń bèèrè àwọn èèyàn lọ́kọ̀ọ̀kan: Àáfà ńkọ́, oníṣòwò iṣu ńkọ́, ṣé ọmọ oní-mẹ́dàlì ti ṣe tán ní yunifásítì? Wọn kò fo ẹnì kan. Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbé ife tíì sílẹ̀, wọ́n ní, "Eré wa ńkọ́? Ta ló ṣí ìkòkò lọ́dún yìí?"

Mo la ẹnu láti bẹ̀bẹ̀. Ohun tó jáde ni, "Èmi ni."

"Ìwọ!" Wọ́n fọwọ́ lu itan. "Báwo lo ṣe wá kẹ́yìn?"

"Ẹsẹ̀ ló dùn mí, Mummy."

"Irọ́ ni! Ọ̀kánjúà ẹran ni! Mo mọ̀ ẹ́!" Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Wọ́n pe ọmọ wọn láti ilé ìdáná, "Wá gbọ́ o, akọ̀wé ló kẹ́yìn! Gbogbo wọn dúró dè é!" Ọmọ náà dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn, ó wò mí bí mo ṣe máa ń wo ọmọ ilé ìwé tó jí ìdáhùn ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀ wò. Ó padà sílé ìdáná, kò tú àṣírí mi. Mi ò mọ̀ bóyá àánú mi ló ṣe é ni tàbí ti ìyá rẹ̀.

Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń pè mí lọ́dọọdún, èmi náà á sì fún wọn ní ẹni tó kẹ́yìn. Mo ti ní Àáfà kẹ́yìn, ajá kan lé e. Mo ti ní oníṣòwò iṣu kẹ́yìn, tó ń tajà lójú ọ̀nà. Wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á ṣàdúà fún mi, màá ṣe àmín. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ Kùránì jù mí lọ, ẹ bá mi wo ibi tí irú àmín bẹ́ẹ̀ ń lọ.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, wọ́n tún pè. Ohùn wọn fúyẹ́. "Akọ̀wé, ọmọ mi ti gbà. Ó ní òun á fi mọ́tò gbé mi wá wo eré lọ́dún yìí. Mi ò ní rìn o, ẹsẹ̀ ò gbà mọ́. Màá kàn jókòó síbẹ̀, kí n máa wo ẹ̀yin ọ̀lẹ. Ọjọ́ wo lẹ fi sí?"

Mo ní màá pè wọ́n padà.

Mo lọ bá awakọ̀ nílé rẹ̀, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, títí kan ajá tó lé Àáfà. Kò rẹ́rìn-ín. Mo ní bóyá ká tún kó àwọn èèyàn jọ, kí Àlùhájà lè bá nǹkan níbẹ̀.

"Kí ló fẹ́ bá?" ló wí. "Àwa tá a gbàgbé wọn, ká wá máa sáré ẹ̀tàn níwájú wọn? Sọ òótọ́ fún wọn, akọ̀wé. Kí wọ́n tó di ẹrù, kí wọ́n tó wọ mọ́tò."

Mo ní ó dáa. Àlùhájà ti pè lẹ́ẹ̀mejì láti ìgbà náà. Ìgbà àkọ́kọ́, mo wà nínú kíláàsì lóòótọ́. Ìgbà kejì, mo jókòó nílé ìdáná wa, fóònù wà lórí tábìlì níwájú mi, mo sì ń wò ó bó ṣe ń dún títí tó fi dákẹ́.